Bí A Ṣe Ń Yan Mọ́dábọ́ọ̀dù Tí Owó Rẹ̀ Mọ Níwọ̀n fún Kọ̀ǹpútà Tá A Fẹ́ Tún Ṣe

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft fòpin sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé àti ọ́fíìsì ti ń bi ara wọn léèrè bóyá kí wọ́n ta kọ̀ǹpútà orí tábìlì wọn, nítorí pé kò gba Windows 11. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò yẹ kí ẹ tà á. SSD inú rẹ̀ (ibi tó ń kó fáìlì sí) ṣì dára, RAM rẹ̀ (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) ṣì lè wúlò, kò sóhun tó ṣe síkírínì àti kíbọ́ọ̀dù. Prósẹ́sọ̀, tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló ti di àgbà, torí Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ohun ààbò tó ń pa kọ́kọ́rọ́ àṣírí mọ́) àti prósẹ́sọ̀ tó wà lórí àkọsílẹ̀ Microsoft, níbi tí ti ilé-iṣẹ́ Intel ti bẹ̀rẹ̀ láti ìran kẹjọ, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Ẹni tó ní Core i5 ìran kẹfà kò lè ti orí mọ́dábọ́ọ̀dù tó ní, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà ń wọ̀, bọ́ sí ìran kẹjọ. Ó di dandan kó pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù náà.

Kí ẹ tó náwó, ẹ fi èyí sọ́kàn: mọ́dábọ́ọ̀dù kì í mú kọ̀ǹpútà yára. Ẹ gbé prósẹ́sọ̀ kan náà sórí mọ́dábọ́ọ̀dù olówó gọbọi, kí ẹ tún gbé e sórí èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, bákan náà ni yóò ṣe ṣiṣẹ́, bí iná tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá ṣáà ti tó. Iṣẹ́ mọ́dábọ́ọ̀dù ni láti gba ohun tí ẹ fẹ́ gbé sí i lónìí àti lọ́dún mẹ́ta òní, kó sì máa fún wọn ní iná tó dúró déédéé láìgbóná kọjá ààlà. Èyí tó bá ti lè ṣe bẹ́ẹ̀ ti tó. Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi kún ti prósẹ́sọ̀, ti RAM àti ti ohun tí yóò dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ iná NEPA. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi dọ́là 100 sí 200 ni wọ́n ń ta irú mọ́dábọ́ọ̀dù tí mò ń sọ yìí. Tiwa níbí ń bá dọ́là lọ sókè sódò, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní dárúkọ iye náírà kankan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀

Ẹ gba ètò tó ń jẹ́ CPU-Z sórí kọ̀ǹpútà náà. Ọ̀fẹ́ ni. Ojú ewé Memory á sọ irú RAM tí ẹ ní, Mainboard á sọ orúkọ mọ́dábọ́ọ̀dù, CPU á sọ orúkọ prósẹ́sọ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

RAM ló máa ń pinnu ọ̀nà tí ẹ máa gbà. DDR3, DDR4 àti DDR5, tí wọ́n jẹ́ ìran RAM, kì í wọ ojúhò ara wọn, torí ibi tí wọ́n gé sí lára wọn kò dọ́gba. Bí ẹ bá ní DDR3, ẹ má rò ó mọ́ ohun tí ẹ máa kó lọ. Ṣùgbọ́n DDR4 GB 16 tó wà lọ́wọ́ yín, owó ni. Láti ìparí ọdún 2025 ni iye RAM ti fò sókè gan-an, nítorí pé àwọn tó ń ṣe é ń darí ọjà wọn sí àwọn ilé kọ̀ǹpútà ńláńlá tí AI ń lò. Ẹni tó bá ní DDR4 tó dára tó sì jù ú nù kó lè ra DDR5 gbọ́dọ̀ ní ìdí tó lágbára. Ẹ tún wò ó dáadáa pé RAM gígùn ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, torí pé RAM kúkúrú ti láptọ́ọ̀pù ló máa ń wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kékeré.

Ó wá ku àpótí àti páwá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín iná fún gbogbo inú kọ̀ǹpútà. Ibí yìí ló ti máa ń dun àwọn èèyàn jù. Púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó kún ọ́fíìsì wa, irú bíi OptiPlex ti Dell àti EliteDesk ti HP, mọ́dábọ́ọ̀dù tiwọn nìkan ni wọ́n ṣe àpótí wọn fún. Ẹnu wáyà páwá wọn sábà máa ń yàtọ̀ sí oní-pín-ìnì 24 (abẹ́rẹ́ irin kéékèèké) tí mọ́dábọ́ọ̀dù inú ọjà ń lò, wáyà bọ́tìnnì ìtannáa wọn kò tò bí ti àwọn yòókù, àwọn ihò skúrù sì lè má bára mu. Bó bá jẹ́ irú rẹ̀ lẹ ní, ẹ ṣírò owó àpótí àti páwá tuntun mọ́ ti mọ́dábọ́ọ̀dù láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí àròpọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ tó owó odindi kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ìran kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án, ẹ ra odindi yẹn, kí ẹ sì fi ọkàn balẹ̀.

Àmọ́ bó bá jẹ́ àpótí tí wọ́n tò jọ fún yín lọ́jà ni, ó ṣeé ṣe kó gba mọ́dábọ́ọ̀dù yòówù. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n: ATX jẹ́ mìlímítà 305 sí 244, micro-ATX jẹ́ 244 sí 244, Mini-ITX jẹ́ 170 sí 170. Èyí tó kéré á wọ àpótí èyí tó tóbi. Micro-ATX tó fún ẹni tí kò ní ju káàdì àwòrán kan lọ, ó sì sábà máa ń dínwó.

Ìgbésẹ̀ kejì: prósẹ́sọ̀ ló ń yan mọ́dábọ́ọ̀dù

Ẹ má ra mọ́dábọ́ọ̀dù kí ẹ tó máa wá prósẹ́sọ̀ tó máa bá a mu. Sọ́kẹ́ẹ̀tì, ibi tí prósẹ́sọ̀ ń jókòó sí lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, mẹ́rin ló yẹ kí ẹ mọ̀.

AM4 ti ilé-iṣẹ́ AMD ń lo DDR4. Ó ti pẹ́, àmọ́ ọdún 2024 ni AMD ṣì mú prósẹ́sọ̀ tuntun jáde fún un, prósẹ́sọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà ní tuntun àti ní tòkunbọ̀. LGA1700 ti Intel, tó gba ìran 12, 13 àti 14, ni èyí tó ń da àwọn èèyàn láàmú jù: mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ kan ń lo DDR4, òmíràn DDR5, wọ́n sì lè jọ orúkọ. Ẹ wá "D4" tàbí "DDR4" lẹ́yìn orúkọ, bíi ti ASUS Prime B760M-A D4. AM5 jáde lóṣù kẹsàn-án ọdún 2022, LGA1851 lóṣù kẹwàá ọdún 2024, DDR5 nìkan sì ni àwọn méjèèjì ń lò. AMD ti ṣèlérí pé àwọn á máa bá AM5 lọ títí di ọdún 2027, ó kéré tán.

Ìdájọ́ mi rèé. Bí DDR4 bá wà lọ́wọ́ yín, tó sì jẹ́ pé iṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹ̀kọ́, àwòrán àti fídíò ni ẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ ra mọ́dábọ́ọ̀dù B760 (ti LGA1700) oríṣi DDR4 pẹ̀lú Core i5-12400, tàbí B550 (ti AM4) pẹ̀lú Ryzen 5 5600G. Mo fẹ́ ti Intel fún ẹni tó ń gé fídíò, torí Quick Sync inú rẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ fídíò, ń gbà lára iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ ti AMD fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ á máa gbá géèmù kéékèèké láìsí káàdì àwòrán. Bó bá jẹ́ pé kò sí RAM kankan lọ́wọ́ yín, tí owó sì wà, AM5 ni, nítorí pé lọ́dún mélòó kan sí i ẹ lè pààrọ̀ prósẹ́sọ̀ láìfọwọ́ kan mọ́dábọ́ọ̀dù. LGA1851 kò ní àǹfààní yẹn tó bẹ́ẹ̀, mi ò sì rí ìdí tí ẹni tó ń ṣọ́wó ná á fi lọ síbẹ̀.

Àwọn lẹ́tà ìparí orúkọ tún ṣe pàtàkì. Core i5-12400F kò ní agbára àwòrán nínú, bẹ́ẹ̀ ni Ryzen 5 5600 tí kò ní G. Bí ẹ bá gbé wọn sórí mọ́dábọ́ọ̀dù láìsí káàdì àwòrán, HDMI ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní mú àwòrán kankan jáde, síkírínì á sì dúdú bíi pé ohun tí ẹ rà ti bàjẹ́.

Ẹ sì ṣọ́ra fún LGA1151 tí àwọn kan ṣì ń tà. Orúkọ kan ni, àmọ́ oríṣi méjì ni: èyí tó wà fún ìran kẹfà àti ìkeje kò gba ìran kẹjọ àti ìkẹsàn-án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé prósẹ́sọ̀ náà á jókòó sínú rẹ̀ geerege.

Ìgbésẹ̀ kẹta: chipset

Mi ò ní pẹ́ níbí. Chipset ni èròjà orí mọ́dábọ́ọ̀dù tó ń pinnu ohun tí mọ́dábọ́ọ̀dù náà lè gbà, orúkọ rẹ̀ ló sì máa ń wà nínú orúkọ mọ́dábọ́ọ̀dù. H610, A520 àti A620 ni ti owó pọ́ọ́kú: ojúhò RAM méjì ló sábà máa ń wà lórí wọn, ibi tí SSD máa wọ̀ kò pọ̀, ohun tó ń fi iná fún prósẹ́sọ̀ kì í sì í nípọn. Z ti Intel àti X ti AMD wà fún àwọn tó fẹ́ ti prósẹ́sọ̀ kọjá ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é mọ́, tàbí tó ní káàdì àti SSD púpọ̀. Àárín méjèèjì ni ẹgbẹ́ B wà: B550, B650, B760, B850. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí.

B450 dára tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tí owó rẹ̀ wálẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n PCIe 3.0 ló ń lò (PCIe ni ọ̀nà tí dátà ń gbà láàárín prósẹ́sọ̀ àti káàdì tàbí SSD), B550 sì ń lo 4.0 tó yára jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò kan ẹni tí káàdì rẹ̀ ń lo ọ̀nà 16 tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní káàdì bíi RX 6500 XT, tí ọ̀nà mẹ́rin péré ni tirẹ̀, ló máa rí ìyàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé 5600G kì í fúnni ju 3.0 lọ, kódà lórí B550. Ohun kan ṣì kù: B840 kì í ṣe àbúrò B850. Ìpele ìsàlẹ̀ ló wà, kò sì jẹ́ kéèyàn ti prósẹ́sọ̀ síwájú. Nọ́ńbà tó fara jọra yẹn lè tan yín jẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: VRM, ibi tí owó yín ń lọ gan-an

Páwá ń gbé fóltì 12 wá. Prósẹ́sọ̀ kò fẹ́ ju fóltì kan àti díẹ̀ lọ. VRM ló wà láàárín wọn, ọ̀wọ́ àwọn èròjà kéékèèké tó yí sọ́kẹ́ẹ̀tì ká, tó ń sọ fóltì 12 yẹn di èyí tí prósẹ́sọ̀ lè lò. Iṣẹ́ yìí ń mú ooru jáde. Bí VRM bá gbóná kọjá bó ṣe yẹ, mọ́dábọ́ọ̀dù á dín agbára prósẹ́sọ̀ kù láti gba ara rẹ̀ là. Ẹ ti san owó prósẹ́sọ̀ ńlá, ti kékeré lẹ sì ń rí lò.

Ẹ wo iye iná tí prósẹ́sọ̀ yín lè fà. Core i5-12400 lè fà tó wáàtì 117 nígbà tó bá ń sáré. Ryzen 5 5600G kì í fà ju 88 lọ. VRM B760 tàbí B550 tó mọ́gbọ́n dání á gbé àwọn wọ̀nyí láìmí gúlegúle. Core i7-14700 lè dé 219, Ryzen 9 9950X lè dé 230. Fún irú wọn, ẹ kúrò nídìí èyí tó rọjú jù nínú ẹgbẹ́ B.

Bí ẹ bá mú mọ́dábọ́ọ̀dù lọ́wọ́, ẹ wo apá òsì àti òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kí ẹ rí irin afooru tó nípọn lórí VRM lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tí skúrù sì dì í mú. Èyí tí ìhòòhò rẹ̀ wà níta pátápátá, ẹ fi sílẹ̀ fún prósẹ́sọ̀ kékeré. Ẹ wo ẹnu wáyà iná prósẹ́sọ̀ náà, kó jẹ́ oní-pín-ìnì mẹ́jọ. Ẹ má gbára lé iye "phase" (ọ̀wọ́ èròjà VRM kọ̀ọ̀kan) tí wọ́n kọ sára páálí, torí ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ kan ń gbà kà á yàtọ̀ sí ti èkejì. Àyẹ̀wò ẹni tó fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n ló ṣeé gbára lé, ẹni tó dán an wò fún ìgbà pípẹ́ tó sì sọ bó ṣe gbóná tó.

Àmọ́ ẹ rántí ibi tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò náà. Yàrá tó tutù ni, nǹkan bíi ìwọ̀n 20 sí 22. Yàrá wa n'Íbàdàn tàbí n'Ílọrin lóṣù kẹta, níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ amúlétutù, lè ju 32 lọ lọ́sàn-án gangan. Bí yàrá bá fi ìwọ̀n mẹ́wàá gbóná sí i, VRM náà á fi nǹkan bíi mẹ́wàá gbóná sí i. Èyí tí wọ́n ní ó dé ìwọ̀n 85 lọ́dọ̀ wọn á dé 95 lọ́dọ̀ yín, kí eruku ọyẹ́ tó dí fáànù pàápàá. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gbà èèyàn níyànjú pé bí owó bá máa lé díẹ̀ níbì kan lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, kó jẹ́ níbí, kó má jẹ́ lórí iná aláràbarà tó ń tàn lára rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwọn ojúhò

Ojúhò RAM mẹ́rin dára lórí DDR4, torí ẹ lè fi méjì kún un lọ́jọ́ iwájú. Lórí AM5, ẹ má fọkàn sí i púpọ̀. Bí ẹ bá kún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú Ryzen 7000, iyára tí AMD fọwọ́ sí já sí 3600, nígbà tí méjì lè sáré 5200. Ẹ ra méjì tó tóbi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojúhò kejì àti ìkẹrin láti ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀ ni ẹ sábà máa ki méjì bọ̀. Ìwé mọ́dábọ́ọ̀dù á sọ fún yín.

Ojúhò M.2 méjì, tí SSD pẹlẹbẹ ń wọ̀, ló yẹ kó wà, kí ẹ lè ra SSD kejì láìyọ àkọ́kọ́. Ẹ ka ìwé rẹ̀: lórí ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, bí ẹ bá ki SSD sí M.2 kejì, ojúhò SATA (ibi tí wáyà hard disk ń wọ̀) kan tàbí méjì á kú. Ẹni tó ní hard disk àtijọ́ mẹ́ta gbọ́dọ̀ ka ìyẹn kó tó sanwó. Bí SSD M.2 yín bá sì jẹ́ oríṣi SATA, kì í ṣe NVMe tó ń gba PCIe, ẹ rí i pé ojúhò náà gbà á.

Ẹ ka iye USB tó wà lẹ́yìn. Kíbọ́ọ̀dù, máòsì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, módẹ́ẹ̀mù àti wáyà fóònù ti gba márùn-ún. Ní ti Wi-Fi, àwọn àyẹ̀wò òkèèrè máa ń kà á sí àfikún lásán, ṣùgbọ́n níbi tí MiFi àti íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù ti ń bọ́ ilé púpọ̀, ohun tí ẹ máa lò lójoojúmọ́ ni. Bí owó èyí tó ní Wi-Fi bá fi púpọ̀ ju èyí tí kò ní lọ, ẹ ra èyí tí kò ní, kí ẹ ra Wi-Fi kékeré tó ń wọ USB.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: BIOS

Mọ́dábọ́ọ̀dù lè ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tó tọ́ kó má sì mọ prósẹ́sọ̀ yín rárá, torí pé BIOS rẹ̀, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó bẹ̀rẹ̀, ti jáde kí wọ́n tó ṣe prósẹ́sọ̀ náà. Ẹ lọ sórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ wá orúkọ rẹ̀ gan-an, ẹ ṣí àkọsílẹ̀ prósẹ́sọ̀ tó ń gbà, ẹ wo nọ́ńbà BIOS tó bẹ̀rẹ̀ láti gbà á. B550 tó ti pẹ́ lórí igbá lè nílò rẹ̀ kó tó gba Ryzen 5000. B660 lè nílò rẹ̀ fún ìran 13 àti 14. Èyí tó ní BIOS Flashback ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹ lè fi fúláàṣì tún BIOS ṣe láìsí prósẹ́sọ̀ lórí rẹ̀.

BIOS tuntun tún ń dáàbò bo prósẹ́sọ̀. Lọ́dún 2023, àwọn Ryzen 7000 oní-X3D kan jóná nítorí fóltì kan nínú wọn (SoC) tó ga jù, BIOS tuntun ni wọ́n fi dè é mọ́ fóltì 1.3. Lọ́dún 2024, Intel fi BIOS ránṣẹ́ nítorí ìran 13 àti 14 tó ń gba fóltì ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá ra mọ́dábọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ tí kò sì tún BIOS rẹ̀ ṣe ń fi prósẹ́sọ̀ rẹ̀ wewu.

Ẹ má ṣe é lórí iná NEPA nìkan o. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, mọ́dábọ́ọ̀dù lè má tan mọ́. Orí ínfátà tàbí UPS tí bátírì rẹ̀ lágbára ni kí ẹ ti ṣe é.

Ìgbésẹ̀ keje: lọ́jà

Bóyá Computer Village n'Íkẹjà lẹ lọ tàbí ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, ẹ kọ orúkọ mọ́dábọ́ọ̀dù náà sórí ìwé pátápátá títí dé lẹ́tà tó kẹ́yìn. "B760" nìkan kò tó. Bí wọ́n bá sọ pé "èyí náà ni, bákan náà ni wọ́n jẹ́," ẹ ṣí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà lórí fóònù níbẹ̀, kí ẹ fi ohun tó wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù wé e.

Lórí AM5, LGA1700 àti LGA1851, ara mọ́dábọ́ọ̀dù ni pín-ìnì wà. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ṣí ọ̀rá tó bo sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wo bóyá àwọn pín-ìnì náà tò gún régé. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti dán yàtọ̀, pín-ìnì ti tẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má rà á, bó ti wù kó dínwó tó. Ẹ yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá wọ́n ti fi irin gbígbóná tún un jó, ẹ wo yíká VRM bóyá ó ti dúdú. Lórí AM4, ara prósẹ́sọ̀ ni pín-ìnì wà, nítorí náà òun ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ẹ ní kí wọ́n tan án níwájú yín, kí ẹ wọ BIOS, kí ẹ rí i pé ó ka RAM ní ojúhò kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ orúkọ mọ́dábọ́ọ̀dù àti iye ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà sí. Àdéhùn ẹnu kì í pẹ́ gbàgbé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: kí ẹ tó tú ti àtijọ́

Ẹ wo bóyá BitLocker, ètò tó ń ti fáìlì pa, wà lórí Windows yín. Bó bá wà, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ìmúpadà rẹ̀ sórí ìwé, torí mọ́dábọ́ọ̀dù tuntun á béèrè rẹ̀, ẹni tí kò bá ní in kò ní rí fáìlì rẹ̀ mọ́. Ẹ so Windows mọ́ àkáǹtì Microsoft kí ẹ lè gbìyànjú láti tún un forúkọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó bá kọ̀ǹpútà wá láti ilé-iṣẹ́ sábà máa ń bá mọ́dábọ́ọ̀dù àtijọ́ lọ. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì. Bí disk náà bá jẹ́ MBR, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń pín disk, mọ́dábọ́ọ̀dù tuntun lè má tan láti orí rẹ̀. Ẹ fi mbr2gpt tó wà nínú Windows yí i sí GPT, ọ̀nà tuntun, tàbí kí ẹ kúkú fi Windows tuntun sí i.

Kí ẹ tó dì í mọ́ àpótí, ẹ gbé mọ́dábọ́ọ̀dù sórí páálí rẹ̀, ẹ fi prósẹ́sọ̀, fáànù rẹ̀ àti RAM kan ṣoṣo sí i, kí ẹ tan án. Bó bá tan, ẹ fi ìyókù kún un. Ẹ wọ BIOS, ẹ tan XMP tàbí EXPO kí RAM lè sáré bó ṣe yẹ, ẹ rí i pé TPM wà ní títàn. Ó máa ń jẹ́ "fTPM" lórí AMD, "PTT" lórí Intel. Lẹ́yìn náà, kí ọjọ́ ìdápadà tó pé, ẹ ki nǹkan sí gbogbo USB lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọ́ ohùn láti ojúhò agbọ́hùn, ẹ so wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ líle fún wákàtí kan lọ́sàn-án tí oòrùn mú, kí ẹ máa fi ètò HWiNFO wo bí VRM àti prósẹ́sọ̀ ṣe ń gbóná tó, bí mọ́dábọ́ọ̀dù náà bá ní ohun tó ń wọn ti VRM.